Wọ́n Yọ Fídíò, Wọn Ò Lè Yọ Báàjì: Ẹ̀kọ́ Tó Wà Nínú Àmọ̀tẹ́kùn Àwọn Tuskegee Airmen

Lóṣù kìíní ọdún 2025, kò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí Ààrẹ Donald Trump padà sórí àlééfà, ìròyìn kan jáde láti ìlú San Antonio, ní ìpínlẹ̀ Texas. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ti yọ àwọn fídíò kan kúrò nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ológun ní ibùdó Lackland. Ta ló wà nínú àwọn fídíò ọ̀hún? Àwọn Tuskegee Airmen ni, ìyẹn àwọn adúláwọ̀ tó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ òfurufú ogun fún Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní WASP, tí wọ́n ń wa ọkọ̀ òfurufú fún iléeṣẹ́ ológun lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì.

Ohun tó fà á ò fara sin. Ààrẹ ti pàṣẹ pé kí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba fòpin sí ètò tí wọ́n ń pè ní DEI, èyí tó ń rí sí i pé wọn ò fi ẹnikẹ́ni sẹ́yìn torí àwọ̀ rẹ̀ tàbí torí pé ó jẹ́ obìnrin. Inú ẹ̀kọ́ tó jẹ mọ́ ètò yẹn ni àwọn fídíò náà wà, ni wọ́n bá fa gbogbo rẹ̀ tu pọ̀. Ariwo sọ. Sẹ́nétọ̀ Katie Britt láti Alabama, tóun àti Trump jọ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, bínú sí i. Pete Hegseth, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di mínísítà ètò ààbò, fèsì pé òun ò ní gbà á. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 27 oṣù náà, fídíò ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́. Nítòsí ìlú San Antonio kan náà, ibùdó mìíràn wà tó ń jẹ́ Randolph. Orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe òun àti Lackland lábẹ́ òfin: Joint Base San Antonio. Randolph yìí ni squadron 99 wà láti ọdún 1993, squadron àkọ́kọ́ tí àwọn Tuskegee Airmen ní. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, báàjì wọn ló ń lẹ̀ mọ́ aṣọ lójoojúmọ́. Ẹ wá wò ó: wọ́n ń gbé fídíò pa mọ́ fún àwọn ọmọ tuntun ní apá ibì kan, àwọn olùkọ́ awakọ̀ òfurufú sì ń wọ àmì àwọn èèyàn inú fídíò náà lọ síbi iṣẹ́ ní apá kejì.

Lójú tèmi, ìdí tí fídíò yẹn fi tètè padà wà lára báàjì yẹn. Ìtàn tó bá ní àrólé kì í tètè parẹ́. Èyí tí kò ní, atẹ́gùn díẹ̀ lè gbé e lọ. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ni wọ́n ń pè ní báàjì squadron?

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, squadron ni ẹ̀ka kan nínú iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú tó ní ọ̀gá tirẹ̀, nọ́ńbà tirẹ̀, àti lọ́pọ̀ ìgbà, ọkọ̀ òfurufú tirẹ̀. Bí squadron mélòó kan bá para pọ̀, wọ́n di group. Wing ló tún tóbi ju group lọ.

Báàjì squadron ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Aṣọ ni, òwú ni wọ́n fi ya àwòrán sí i, bí àwọn tó ń ṣe monogram lọ́dọ̀ọ́ wa ṣe ń fi ẹ̀rọ kọ orúkọ iléèwé sí àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Ní Amẹ́ríkà, òfin wà fún bí ó ṣe máa rí. Ti squadron gbọ́dọ̀ rí róbótó. Ti group àti ti wing gbọ́dọ̀ rí bí asà ogun. Nítorí náà, bí ẹ bá rí báàjì lára ẹnìkan, kí ẹ tó ka ohun tó wà lórí rẹ̀ rárá, ẹ ti lè mọ bí ẹgbẹ́ tó ń ṣojú fún ṣe tóbi tó.

Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ báàjì ni kò tilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ òwú. Awọ ni wọ́n ń lò, wọ́n á fi ọ̀dà ya àwòrán sí i, wọ́n á rán an mọ́ àyà jákẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó bá sì fẹ́ olówùú, wọ́n á gbé e lọ bá télọ̀ ìlú tí wọ́n ti ń jagun. Ìdí nìyí tí báàjì squadron kan náà fi lè rí lọ́nà mẹ́ta, mẹ́rin. Láyé òde òní, velcro ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, ó ṣeé ṣí kúrò kíá. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀pọ̀ squadron máa ń gbà kí èèyàn lẹ èyí tó láwọ̀ mèremère tàbí èyí tó pani lẹ́rìn-ín.

Àwọn tó ń kó báàjì jọ a máa wo etí rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Òwú nípọn tó yí etí ká bí okùn, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Merrow ló ń ṣe é, lẹ́yìn ọdún 1960 ló sì tó wọ́pọ̀ lára báàjì ológun. Bí ẹnìkan bá na báàjì onírú etí bẹ́ẹ̀ sí yín pé ọdún 1944 ló ti wà, ẹ rọra máa bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù kò sí lára òwú. Ní ibùdó Maxwell, ní ìpínlẹ̀ Alabama, iléeṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Air Force Historical Research Agency. Àwọn ló ń tọ́jú ìran squadron kọ̀ọ̀kan: ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ogun tó jà, àmì ẹ̀yẹ tó gbà, àti báàjì rẹ̀. Bí wọ́n bá tú squadron kan ká, nọ́ńbà rẹ̀ kò kú, báàjì rẹ̀ náà kò kú. Wọ́n á gbé e sílẹ̀ ni. Bó bá di ogún ọdún tàbí ogójì ọdún tí wọ́n tún jí nọ́ńbà yẹn dìde, ẹni tó bá bá ara rẹ̀ níbẹ̀ ti di àrólé gbogbo àwọn tó ti ṣáájú.

Ọmọ Yorùbá ò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Bí oyè ló ṣe rí. Ọba lè wàjà, oyè kì í kú. Ẹni tó bá gorí ìtẹ́ ni wọ́n á máa fi oríkì àwọn tó ti jẹ ṣáájú kì. Báàjì squadron, oríkì tí wọ́n fi òwú kọ ni.

Ibi tí àmọ̀tẹ́kùn ti wá

Lọ́dún 1925, iléèwé gíga àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà kọ ìwé kan lórí bí wọ́n ṣe lè lo adúláwọ̀ lójú ogun. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé ọpọlọ adúláwọ̀ kò tó ti aláwọ̀ funfun, àti pé kò láyà tó. Ìwé yẹn ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ìwé ìròyìn adúláwọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ ajìjàgbara ń pariwo, títí ìjọba fi kéde lóṣù kìíní ọdún 1941 pé òun máa dá squadron adúláwọ̀ kan sílẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún náà, squadron 99 bẹ̀rẹ̀. Ìlú Tuskegee, ní Alabama, ni wọ́n ti kọ́ àwọn awakọ̀ rẹ̀, níbi tí iléèwé tí Booker T. Washington bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1881 wà.

Àwọn 13 ló bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì àkọ́kọ́. Àwọn 5 ló parí rẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 1942. Ọ̀kan nínú wọn ni Benjamin O. Davis Kékeré, tó ti jáde ní West Point lọ́dún 1936. Ní gbogbo ọdún mẹ́rin tó lò níbẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ àfi èyí tí iṣẹ́ bá mú dání. Wọ́n rò pé ó máa sá lọ. Kò sá.

Squadron 99 dé Àríwá Áfíríkà lóṣù kẹrin ọdún 1943. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje, Charles Hall já ọkọ̀ òfurufú Jámánì kan lulẹ̀, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀gágun òyìnbó tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀, William Momyer, kọ̀wé pé wọn ò lákíkanjú tó, pé kí wọ́n kó wọn kúrò lójú ogun. Davis ní láti wá sí Washington lóṣù kẹwàá ọdún yẹn láti wá wí tẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní Anzio, lórílẹ̀-èdè Ítálì, squadron 99 já ọkọ̀ òfurufú Jámánì tó lé ní mẹ́wàá láàárín ọjọ́ méjì péré. Ẹnu kó.

Báàjì squadron 99 ní àmọ̀tẹ́kùn aláwọ̀ wúrà tó níyẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ squadron 100, 301 àti 302 lábẹ́ group 332. Ti group 332 náà, àmọ̀tẹ́kùn ni, àmọ́ èyí dúdú, iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ ni "Spit Fire": tu iná jáde. (Kí ẹnikẹ́ni má fi wé Àmọ̀tẹ́kùn tiwa tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá lọ́dún 2020 o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó jẹ́ kí wọ́n yan ẹranko yẹn ò jìnnà síra.)

Àwọn ọmọ group yìí kun ìrù ọkọ̀ wọn ní pupa, ibẹ̀ ni orúkọ "Red Tails" ti wá. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa sin àwọn ọkọ̀ tó ń ju bọ́ǹbù lọ, kí Jámánì má bàa já wọn lulẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1945, wọ́n sin wọn dé Berlin, wọ́n sì já mẹ́ta lára ọkọ̀ òfurufú jẹ́ẹ̀tì tuntun tí Jámánì fi ń yangàn. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ jáde ní Tuskegee lé ní 900. Àwọn 355 nínú wọn ló lọ sójú ogun lókè òkun.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n máa ń sọ pé àwọn Red Tails kò pàdánù ọkọ̀ bọ́ǹbù kan ṣoṣo rí. Daniel Haulman, onímọ̀ ìtàn ní iléeṣẹ́ Maxwell tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tú àkọsílẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wò, ó sì rí i pé 27 ni Jámánì já lulẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́ wọn. Àwọn kan bínú. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kan náà fi hàn pé àwọn group yòókù tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn lágbègbè kan náà pàdánù 46 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, bí a bá pín in dọ́gba. Òótọ́ nìkan ti tó fún wọn láti yangàn. Kò nílò iyọ̀.

Ife tó sọnù fún ọdún 55

Lóṣù keje ọdún 1948, Ààrẹ Truman pàṣẹ pé kí ìyapa dúdú àti funfun dópin nínú iṣẹ́ ológun. Lóṣù karùn-ún ọdún 1949, kí wọ́n tó pín àwọn adúláwọ̀ káàkiri, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú ṣe ìdíje ìbọn yíyìn fún àwọn awakọ̀ rẹ̀ ní Las Vegas. Group 332 rán èèyàn lọ: Alva Temple, Harry Stewart, James Harvey, àti Halbert Alexander tó jẹ́ adípò. Ọkọ̀ P-47 tó ti ń di ti àná ni wọ́n gbé lọ. Àwọn ló borí nínú ìsọ̀rí ọkọ̀ onífáànù.

Ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n tú group 332 ká. Ife tí wọ́n gbà sì pòórá. Nínú ìwé ọdọọdún tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú ń tẹ̀ jáde, ohun tí wọ́n máa ń kọ síwájú ọdún 1949 ni pé a ò mọ ẹni tó borí. Ọdún 1995 ni wọ́n tó tún un kọ. Ọdún 2004 ni wọ́n tó rí ife náà, níbi tí wọ́n ń kó ẹrù àtijọ́ pa mọ́ sí. Ọdún 55 nìyẹn.

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí. Kò sẹ́ni tó jó ìwé kankan, kò sẹ́ni tó gbé òfin jáde pé kí wọ́n gbàgbé wọn. Wọ́n kàn tú ilé ká ni, kò wá sẹ́ni tó máa béèrè ife náà. Àárín àkókò yẹn gan-an ni àmọ̀tẹ́kùn wà nínú àpótí.

Nígbà tí wọ́n jí squadron 99 dìde lọ́dún 1988, tí wọ́n fún squadron ìpínlẹ̀ Alabama ní nọ́ńbà 100 lọ́dún 2007, tí nọ́ńbà 332 náà sì tún jí dìde fún wing tó ń ṣiṣẹ́ ní Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn ayé, nǹkan yí padà. Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ogun wá di àrólé. Òyìnbó wà nínú wọn, dúdú wà, obìnrin wà. Wọ́n kun ìrù ọkọ̀ ní pupa padà. Lọ́dún 2019, iléeṣẹ́ ológun sọ ọkọ̀ tuntun tí wọ́n máa fi kọ́ àwọn awakọ̀, T-7A, ní Red Hawk láti fi bọlá fún wọn. Ní Montgomery, ní Alabama, níbi tí adúláwọ̀ ò ti lè jókòó níwájú bọ́ọ̀sì lọ́dún 1941, squadron 100 ni wọ́n gbé F-35 fún lóṣù kejìlá ọdún 2023.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fa fídíò yọ ní Lackland, kì í ṣe àwọn arúgbó díẹ̀ tó kù nìkan ni wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí ni, pẹ̀lú ìpínlẹ̀ tó ń fi nọ́ńbà yẹn yangàn. Ẹ ti wá rí ìdí tó fi jẹ́ pé sẹ́nétọ̀ Alabama ló tètè sọ̀rọ̀. Harry Stewart, ọ̀kan nínú àwọn tó gba ife ọdún 1949, kú ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2025, lẹ́ni 100 ọdún. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí fídíò padà.

Àwọn tí kò ní àrólé

Ẹ rántí pé àwọn obìnrin WASP náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn 1,074 ló kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Wọ́n ń gbé ọkọ̀ òfurufú láti iléeṣẹ́ tó ń ṣe é lọ sí ibùdó, wọ́n ń fa àmì tí àwọn ọmọ ogun máa yìnbọn sí, wọ́n ń dán ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe wò. Àwọn 38 kú sẹ́nu iṣẹ́. Báàjì wọn lẹ́wà: Fifinella, ọmọbìnrin kékeré abìyẹ́ kan tí àwọn ayàwòrán Disney yà.

Àmọ́ ìjọba kò gbà pé ṣọ́jà ni wọ́n. Òṣìṣẹ́ lásán ni wọ́n kà wọ́n sí. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa ń dáwó láti gbé òkú rẹ̀ lọ sílé. Wọ́n tú wọn ká lóṣù kejìlá ọdún 1944, wọ́n sì ti àkọsílẹ̀ wọn mọ́lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1977 ni wọ́n tó gbà pé ajagunfẹ̀yìntì ni wọ́n. Lọ́dún 2015 pàápàá, iléeṣẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ sọ pé wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ibi ìsìnkú Arlington. Ilé aṣòfin ló ṣe òfin lọ́dún 2016 kí eérú Elaine Harmon, ọ̀kan lára wọn, tó ríbi sinmi sí. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló jà á.

Ìyàtọ̀ rèé. WASP ò ní nọ́ńbà squadron, torí náà kò sí squadron kankan lónìí tó jẹ́ àrólé wọn lábẹ́ òfin. Fifinella wà lórí ife tíì àti lórí ògiri ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sí lẹ́jìká ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún. Nígbà tí ariwo fídíò sọ, orúkọ Tuskegee ló gba ẹnu gbogbo ayé. Ti WASP ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni. Mi ò rò pé ó ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀.

Báàjì tó sọ ohun tí ìjọba ò lè sọ

Amẹ́ríkà nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ wo Taiwan. Láàárín ọdún 1953 sí 1967, squadron 34 wọn, tí wọ́n ń pè ní Àdán Dúdú, ń fò wọ Ṣáínà lóru láti lọ ṣe amí fún Amẹ́ríkà. Ìjọba méjèèjì ò sọ ọ́ síta. Àwọn 148 ló kú. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni wọn ò sọ òótọ́ fún fún ọ̀pọ̀ ọdún nípa ibi tí ọmọ wọn kú sí. Àmọ́ ẹ wo báàjì wọn: àdán kan tó ń fò láàárín ìràwọ̀ méje, òrùka pupa yí i ká, ìyẹ́ rẹ̀ sì ti ya òrùka náà kọjá. Pupa ni àwọ̀ àwọn kọ́múníìsì. Ohun tí wọ́n fi ṣe àṣírí wà lára báàjì gbangba, fún ẹni tó bá lè kà á.

Lóṣù kẹrin ọdún 2023, ó tún ṣẹlẹ̀. Ṣáínà ń ṣe ìdánrawò ogun yí Taiwan ká. Iléeṣẹ́ ìròyìn ológun Taiwan gbé fọ́tò awakọ̀ òfurufú kan jáde, báàjì kan sì wà lápá rẹ̀: béárì dúdú, irú tó ń gbé ní Taiwan, tó ń gbá Winnie the Pooh ní ẹ̀ṣẹ́ lójú. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé Winnie the Pooh ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ Ààrẹ Xi Jinping. Ìjọba Taiwan ò kọ́ ni wọ́n yà á, ilé ìtajà aládàáni kan ni. Àmọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn èèyàn ti ń rọ́ lọ rà á. Báàjì kékeré ṣe iṣẹ́ tí aṣojú ìjọba ò lè dá lábàá.

Tiwa ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń ka èyí, àwọn tiwa náà wà nínú ogun yẹn. Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó, àbúrò Stella Thomas tó kọ́kọ́ di adájọ́ májísíréètì obìnrin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, di ọ̀gá awakọ̀ òfurufú nínú RAF, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1942. Ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú lóṣù kìíní ọdún 1945. Akin Shenbanjo wà ní squadron 76, ó ń jà láti Yorkshire nínú ọkọ̀ bọ́ǹbù Halifax. Ó gba àmì ẹ̀yẹ DFC. Àwọn tí wọ́n jọ ń fò fẹ́ràn rẹ̀ débi pé orúkọ tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ọkọ̀ wọn ni "Achtung! The Black Prince", torí tiẹ̀.

Báàjì squadron 76 ní kìnnìún kan níwájú òdòdó funfun. Òdòdó funfun, àmì Yorkshire ni. Kò sí ohun kan lórí rẹ̀ tó máa sọ fún yín pé ọmọ Yorùbá kan wà níbẹ̀. Ẹ wá wo ti squadron 249, tí wọ́n fi orúkọ Gold Coast, ìyẹn Ghana òní, kún tirẹ̀. Erin wà lórí báàjì tiwọn. Kí ló dé? Ilẹ̀ tó bá dáwó ogun fún RAF ni wọ́n ń fi squadron sọ lórúkọ. Ẹni tó fi owó sílẹ̀, wọ́n fi erin rẹ̀ sórí báàjì, ọba Gẹ̀ẹ́sì sì buwọ́ lù ú. Ẹni tó fi ara rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀dà lára bàálù ni wọ́n fi kọ orúkọ tirẹ̀.

Ẹ̀bi òyìnbó nìkan kọ́. Láti sáà ẹ̀kọ́ ọdún 2009 sí 2010 ni ìjọba wa ti yọ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele àkọ́kọ́ girama. Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣayẹyẹ pé ó ti padà. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín. Ti Lackland gba ọjọ́ díẹ̀. Tiwa gba ìgbà èwe odindi ìran kan. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ogún ọdún ó lé lónìí, ẹ ò jókòó ní kíláàsì ìtàn rí ní ìpele yẹn. Kì í ṣe pé a ò pariwo, ṣùgbọ́n ariwo wa ò ní àrólé tó lè dì í mú.  Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ẹnìkan lè sọ pé aṣọ kékeré lásán ni báàjì, pé aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Òótọ́ ni. Báàjì nìkan ò lè pa ìtàn mọ́. Àwọn tó ń wọ̀ ọ́ láìmọ ohun tó dúró fún pọ̀. Ohun tó pa ìtàn Tuskegee mọ́ ni pé báàjì wà, ìwé wà nílé tó ń ṣàlàyé rẹ̀, èèyàn alààyè sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wọ̀ ọ́. Bí ọ̀kan bá ṣubú, méjì yòókù á gbé e dìde. WASP ní báàjì láìní àrólé. Shenbanjo ò ní èyí kankan lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé wa, bí kò ṣe ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Jákẹ́ẹ̀tì àwọn awakọ̀ òfurufú ń wọ ọjà òkìríkà wa dáadáa, ẹ̀ ń rà á, ẹ̀ ń fi ya fọ́tò. (Aṣọ ṣọ́jà tiwa ni kẹ́ ẹ má ṣe wọ̀ o, òfin ò gbà á.) Bí báàjì bá wà lára èyí tẹ́ ẹ rà, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀. Ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn sórí fóònù yín kẹ́ ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ gbé sáyà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ orúkọ Akin Shenbanjo, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún àbúrò yín kan. Ẹni tó mọ ìtàn tó sì ń sọ ọ́, òun náà ti di àrólé nìyẹn.